Ọwọ́ Tó Ń Ṣí Káàdì

Onídìrí kò fi eré káàdì orí fóònù rẹ̀ ṣeré rárá. Bó ti wù kí oníbàárà pọ̀ tó nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, á nu òróró kúrò lọ́wọ́, á gbé fóònù rẹ̀, á sì jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń fọ irun. Àsìkò yẹn ni Ẹyinjú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nílùú kejì, máa ń pàdé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Eré ọ̀hún kò le. Káàdì á tò ní ìdojúdé, èèyàn á ṣí méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí àwòrán wọn bá jọra, wọ́n á wà ní ṣíṣí. Bí wọn ò bá jọra, wọ́n á tún dojú dé, kó o wá rántí ibi tí wọ́n wà. Ìyá á ṣí tirẹ̀, ọmọ á ṣí tirẹ̀, aago á sì máa sáré lókè. Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló tẹ́ Onídìrí lọ́rùn, torí látìgbà tóun àti bàbá ọmọ ti pínyà, bó bá pe ilé wọn, ìjà ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Gbogbo ìwà ọmọ rẹ̀ ló ń rí nínú eré yẹn. Oníwàdùwàdù ni Ẹyinjú. Igun ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa ṣí káàdì kan náà ní àṣítúnṣí bí ẹni ń wá ẹran nínú ọbẹ̀.

"Olórí kunkun bíi bàbá rẹ̀!" Onídìrí á wí, á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, eré náà yí padà. Ẹyinjú wá ń fara balẹ̀. Àárín ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí aago bá sì fẹ́ẹ́ pé, tí ìyá rẹ̀ ò tíì rí èkejì káàdì tó ń wá, ọmọ náà á mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i, kó lè rí i.

"Ó ti ń gbọ́n," ló ń sọ fáwọn oníbàárà.

Àfi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń wo bí àwọn káàdì ṣe ń ṣí jẹ́jẹ́, ló fura. Èyí kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé. Ó pe ilé wọn. Ìyàwó bàbá ọmọ ló gbé e.

"Ta ló ń bá mi ṣeré?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni."

"Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le, mà. Eré náà ló sú u. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ ni."

Ó wu Onídìrí kó bú u. Ká ní ìkà lobìnrin yìí ṣe ni, ì bá sàn. Inúure rẹ̀ gan-an ló gún un lọ́kàn.

"Bá mi fún un ní fóònù."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Ó kí i bí wọ́n ti í kí tíṣà.

"Ẹyinjú mi, kí lò ń ṣe báyìí?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí níta, mà." Ohùn ọmọ náà wá jìnnà sí fóònù. "Mọ́mì, ṣé kí n máa lọ?"

Onídìrí ti lanu láti dáhùn, kó tó gbọ́ tí obìnrin kejì ń sọ pé, "Dúró, dágbére fún màmá ẹ ná."

"Máa lọ, ọmọ mi," ni Onídìrí wí.

Obìnrin náà gba fóònù padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí èmi àtẹ̀yin ṣì máa ṣeré náà?"

"Rárá, àbúrò mi. O ṣeun. Irun rẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n dì í le jù. Orí máa ń dùn ún."

Ó padà sídìí oníbàárà tí irun rẹ̀ ṣì ku ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?" ni ìyẹn béèrè.

"Ọmọ mi ni."

"Kò sí nǹkan o?"

"Kò sí. Ó ti dàgbà ni."

Ó fi ìyàrun la irun náà, ojú ìlà wọ́. Ó tún un là, ó tún wọ́. Nígbà tí omi ojú gbígbóná kán sọ́rùn oníbàárà náà, ìyẹn ò gbé orí sókè, kò sì béèrè ohun kankan mọ́.