Èdè Ọkọ Rẹ̀

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé inú wa dùn jọjọ láti rí wọn," ni Alága wí, ó sì tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe.

Ògbufọ̀, obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, túmọ̀ rẹ̀. Àwọn àlejò márùn-ún tó jókòó sí òdìkejì tábìlì gígùn náà mi orí. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ fún òwò àti àṣà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè wọn ti ń retí ọjọ́ yìí láti èṣí. Bí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé, àga tí àwọn káfíńtà ìpínlẹ̀ ń kàn yóò máa wọ ọkọ̀ òkun lọ bá wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa lọ, wọn yóò máa bọ̀.

Ògbufọ̀ yìí nìkan ló gbọ́ èdè àwọn àlejò náà ní gbogbo ọ́fíìsì náà. Kì í ṣe ilé ìwé ló ti kọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀, tó wá láti ilẹ̀ yẹn, ló fi ẹ̀rín àti ẹ̀fẹ̀ kọ́ ọ nínú ilé ìdáná. Ọdún kẹrin rèé tí ọkùnrin náà ti kú. Nígbà mìíràn, bó bá ń lọ aṣọ, á kí ara rẹ̀ káàárọ̀ ní èdè náà, á tún dá ara rẹ̀ lóhùn, kí ó má baà sọnù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ká a mọ́ ọn rí.

"Àbúrò mi, ta lo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, ẹ̀gbọ́n mi."

Irọ́ ni.

Wọ́n ti ka ìwé àdéhùn náà dé ojú ìwé kẹta nígbà tí àgbà inú àwọn àlejò náà, bàbá kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó kọjú sí ògbufọ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀.

"Ọmọ mi, o ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn bí àwọn apẹja etíkun wa. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá. Apẹja ni bàbá tó bí i."

"Ṣé ó wà nílé?"

"Ó ti kú, sà."

Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó sọ gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń kí opó ní etíkun wọn. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn èèyàn kún ilé fọ́fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kí bẹ́ẹ̀.

Òógùn ti bo Alága. "Kí ló ń wí? Àbí kò fẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́ ni? Madam, ẹ túmọ̀ rẹ̀!"

Láti ọdún mọ́kànlá tí ògbufọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò fo gbólóhùn kan rí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Kí ló wá sọ?"

"Tèmi ni, sà."

Alága nu òógùn ojú rẹ̀. Wọ́n padà tọwọ́ bọ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, ògbufọ̀ fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàbá náà, ó sì dárúkọ ọkọ rẹ̀ fún un, bí ìyá tó bí ọkọ náà ṣe máa ń pè é gan-an.