Ìbéèrè tí Dona Valdelice Kì í Bi Railda

Railda fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Orí àpótí nínú ilé ìdáná mi ló jókòó sí, ó ń bó ọsàn tí kò jẹ, kò sì gbé ojú sókè títí ó fi sọ ọ́ tán. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn ládùúgbò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ tí kò ṣàánú Railda ju bí òun ṣe ṣàánú ara rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ Railda ni kó máa mú àwọn àlejò rìn káàkiri ìlú Salvador, kí wọ́n máa jẹun láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá ọjà, ni wọ́n ti ń mu ògì àgbàdo tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á jẹ bèjú, oúnjẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gbágùúdá yan, tó ṣì ń jó ọwọ́, wọ́n á mu omi ìrèké lọ́dọ̀ Seu Bibiano, wọ́n á máa jẹ gúrúndì kọjá iwájú àwọn ilé aláwọ̀ mèremère. Tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á dé ojúde ṣọ́ọ̀ṣì Santo Antônio, níbi tí Dona Valdelice ti ń dín àkàrà. Ibẹ̀ ni ìrìn náà ń parí sí.

Dona Valdelice ló gbé Railda dání lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún un. Dinda ni Railda ń pè é, bí gbogbo wa níbí ṣe ń pe ìyá ìsàmì wa. Ìyá tó bí Railda ń ṣọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó kan ní Graça, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń wálé, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ agbada epo Dinda ni ọmọ náà dàgbà sí. Ibẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà tí èèpo ẹyọ kan kò fi ní kù nínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá dúró níwájú agbada, alákàrà á bi í pé, "Gbígbóná àbí tútù?" Kì í ṣe ti iná ló ń béèrè o, ata ni. Bó o bá ní gbígbóná, á la àkàrà náà, á fi ata sí i kó tó fi edé sí i. Bó o bá ní tútù, á fi ata sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ dáadáa nìkan ni kì í bi. Láti ìgbà tí Railda ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tó jẹ àkàrà aláta tí kò sunkún, Dinda kò bi í mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ẹnu Railda.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí Dinda sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì ń bó ẹ̀wà nínú ilé. Dinda ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ogún ọdún, kí òun tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àkàrà títà, òun bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Cachoeira. Kò sí iṣẹ́, kò sí ọkọ. Ó gbé ọmọ náà fún obìnrin kan pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó sì wá iṣẹ́ wá sí Salvador. Nígbà tó padà lọ pẹ̀lú aṣọ tó rà fún ọmọ, ilé ti wà ní títì. Obìnrin náà ti kó lọ tòun tọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tó gbà. Ọdún mọ́kànlá ni Dinda fi wá a.

"Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ yìí," ni Dinda wí, "inú ẹ ni kó sùn sí."

"Inú mi ló máa sùn sí, Dinda."

Kò sùn. Lọ́jọ́ òjò mìíràn, ìrìn àwọn àlejò kò dùn. Bàtà ti tutù, ọ̀kan ń wo aago, ọ̀kan ń yán. Railda rí i pé wọ́n fẹ́ máa lọ láì jẹ àkàrà. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Dinda tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì ń po ẹ̀wà lílọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò jìnnà tó apá méjì. Obìnrin kan nu ojú. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n kọ̀wé ìyìn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ọ̀gá Railda, Seu Aurelino, sì pè é.

"Ìtàn ìyá yẹn ni kó o máa fi kádìí ìrìn náà," ni ọ̀gá wí. "Má ṣe fò ó láé. Níbo lo tiẹ̀ ti rí i?"

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, sà."

Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ojú tì í débi pé kò lè jẹun. Nígbà kejì, ó jẹun díẹ̀. Nígbà tó máa fi di ìgbà kẹwàá, ó ti mọ ibi tó yẹ kí òun ti rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó wá fi irọ́ kan kún un. Kí Dinda tó ta àkàrà kankan, ó máa ń dín méje kéékèèké, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Á jù wọ́n sójú títì fún Èṣù, kí ọ̀nà ọjà lè là. Alákàrà tó bá mọ iṣẹ́ kò ní ṣàì ṣe é. Railda sọ fún àwọn àlejò pé ọmọ tó sọnù yẹn ni ìyá ń fún ní méjèèje. Ó dùn létí wọn. Láti ìgbà náà ló ti ń díwọ̀n ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n lè bá àkàrà méje náà. Ọdún méjì ló fi ṣe é.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, nínú oṣù kẹjọ. Àlejò mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn Railda. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú, tó dé fìlà funfun. Ìwé ọwọ́ Railda kò sọ ju pé Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá. Ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Seu Bibiano, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Railda, o tún ti kó àwọn ọmọ ẹ dé. Ta ni bàbá wọn gan-an?"

"Ẹ̀yin náà kọ́? Owó oúnjẹ wọn ni mo wá gbà."

"Ẹ̀jẹ̀ mi kọ́ nìyẹn, wo bí oòrùn ṣe sè wọ́n bí edé." Ó fún ìrèké, ó bu omi rẹ̀ fún oníkálukú. Ìyá onífìlà gba tirẹ̀, ó sì fi Potogí, èdè wa, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Seu Bibiano tẹjú mọ́ ọn.

"Èyí gbọ́ èdè wa o, Railda. Kò dà bíi tàwọn yòókù."

"Nínú bàálù ni gbogbo wọn ti ń kọ́ ìyẹn. Ẹ bu omi ìrèké yín jàre."

Wọ́n dé ojúde ṣọ́ọ̀ṣì bí Dinda ṣe ń kó àkàrà kékeré méje jáde nínú epo. Aṣọ funfun ló wọ̀, gèlè funfun ló wé. Ó jù wọ́n sójú títì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Railda dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ti Cachoeira, ó sọ ti ilé tó wà ní títì, ó sọ ti aṣọ tí ọmọ kò wọ̀, ó fi àkàrà méje kádìí rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tó máa ń rẹ̀ ẹ́ sí. Lẹ́yìn náà, àwọn àlejò tò.

Ìyá onífìlà ló ṣíwájú. Dípò kó na ọwọ́ gba àkàrà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Dinda mú. Potogí tó dán mọ́rán ló ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ Àǹgólà ni mí, Domingas lorúkọ mi. Èmi náà pàdánù ọmọ nígbà ogun tiwa. Nígbà tí mo rí i bẹ́ ẹ ṣe ń ju àkàrà méje yẹn fún un, mi ò lè mú un mọ́ra."

"Àkàrà wo ni mo jù fún ta ni?"

"Ọmọ yín ọkùnrin. Èyí tí obìnrin yẹn gbé lọ ní Cachoeira. Ọmọbìnrin yìí ló sọ fún wa."

Railda ní òun gbọ́ bí epo ṣe ń ta nínú agbada, òun kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Dinda kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fọwọ́ kejì lé ọwọ́ Domingas.

"Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ kú tiyín náà. Gbígbóná àbí tútù?"

Ó bi gbogbo wọn, ó sì fún gbogbo wọn ní àkàrà. Railda ló máa ń gbà kẹ́yìn. Ó dé iwájú agbada, ó dúró. Dinda mú àkàrà kan, ó là á, ó gbé ojú sókè.

"Gbígbóná àbí tútù?"

"Dinda."

"Àwọn èèyàn ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ, ọmọbìnrin. Gbígbóná àbí tútù?"

"Gbígbóná," ni Railda wí. Dinda fi etí ọ̀bẹ kan ata díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún ẹni tí kò mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe lágbára tó.

Domingas dúró dè é lẹ́bàá àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. "Ṣé mo sọ ohun tí kò yẹ ni?"

"Rárá o, mà," ni Railda wí. "Èmi ni."

Ó dágbére fún àwọn àlejò, ó padà jókòó lórí àtẹ̀gùn. Àkàrà náà ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Lójoojúmọ́, òun ló ń bá Dinda gbé agbada àti àpótí lọ sílé lórí òkè, Dinda á sì máa bú u lẹ́yìn pé ó ń rìn bí ewúrẹ́ tó jẹ ọṣẹ. Ohun tó ń retí nìyẹn. Ó gbà kí wọ́n bú òun títí dé ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n bá ṣáà lè gbé ẹrù náà lé òun lọ́wọ́.

Oòrùn kò tíì kan omi nígbà tí Dinda pa iná. Ẹ̀wà lílọ̀ ṣì wà ní ìdajì ìkòkò. Ó da epo sínú garawa, ó jókòó dè é kó tutù. Railda sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta títì.

"Ọdún mélòó?" ni Dinda béèrè. Òkun ló ń wò.

"Ọdún méjì, mà."

"Ẹ̀gbẹ́ mi níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọn àlejò ẹ máa ń dì mọ́ mi," ni Dinda wí. "Wọ́n á máa sunkún, èmi á máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Mo rò pé ata ni. Mo máa ń fún wọn lómi mu."

"Ẹ máa bínú sí mi, Dinda. Ẹ gbá mi létí pàápàá."

"Kí n gbá ẹ létí kí ara lè tù ẹ́?" Dinda fọwọ́ kan etí garawa láti mọ̀ bóyá ó ti tutù. "Gbọ́. Tó bá jẹ́ pé o kàn sọ ọ́ ni, mo lè gbé e mì. Àwa èèyàn máa ń sọ nǹkan. Àmọ́ o gbé àkàrà ọ̀nà, o sọ ọ́ di oúnjẹ òkú. Ta là ń da oúnjẹ sílẹ̀ fún láì rí i, bí kò ṣe òkú? Ọmọ mi ò kú. Lójoojúmọ́ ni mò ń bẹ onílé ọ̀nà kó ṣí ọ̀nà, kí ọmọ mi lè gba ibẹ̀ wálé. Ìwọ sì dúró síbẹ̀, ò ń sin ín lójú mi, lédè tí mi ò gbọ́."

Railda ní òun kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bó ṣe bọ́ sí òun létí, òun mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àti pé òun ì bá ti mọ̀ bí òun bá rò ó. Ẹ̀gbẹ́ agbada yẹn kúkú ni wọ́n ti kọ́ òun.

"Mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láé, Dinda."

"Kí lo fẹ́ sọ tó kù?"

Dinda dìde. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò dáa mọ́, ó kọ́kọ́ di ara rẹ̀ mú ná. Railda ti fi ọwọ́ kan gbé àpótí láti orí ìkúnlẹ̀. Dinda na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí èèyàn ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ oníbàárà tó fẹ́ ṣèrànwọ́.

"Ẹ ṣeun. Mo lè gbé e."

Ó gbé agbada lérí, ó ki àpótí sábẹ́ apá, ó fi garawa àti ìkòkò kọ́ ọwọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ilé kẹta ni wọ́n máa ń dúró sí láti sinmi, Dinda á sì máa ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ kí àwọn onílé. Ó débẹ̀, ó dúró. Railda dìde lórí òkúta, àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dinda tún agbada náà gbé kó jókòó dáadáa lórí òṣùká, ó ja etí aṣọ funfun rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì ń lọ. Kò wẹ̀yìn.