Mo Gbá A Lẹ́yìn Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tó bá ní Damaris borí mi torí pé ó lágbára jù mí lọ, irọ́ ló pa. Ìgbéraga èmi Sàfúrátù ló kó bá mi.

Àbíjàn ni mo ti kọ́ júdò, níbi tí bàbá mi ti ń ta aṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sí rẹsìlín, mò ń gbé obìnrin ṣánlẹ̀ kí àwọn èèyàn lè pàtẹ́wọ́. Mo padà sí Ẹ̀jìgbò ní 1994. Lọ́dún kejì, ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó ń wá obìnrin kan ṣoṣo tí yóò mú lọ sí Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀ṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìjàkadì. Èmi àti Damaris, ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó ń roko iṣu, ló kù; ó ní ká jà, ẹni tó bá borí ni yóò lọ. Mo fẹ́ lọ débi pé mo ti di ẹrù mi sílẹ̀.

Àlíù tó ń ṣe rẹfirí ní kí ẹni tó bá rẹ̀ wí pé òun túúbá, ìjà parí nìyẹn. Mi ò kọbi ara sí i. Ní Àbíjàn, bó bá rẹ̀ ọ́, wàá fọwọ́ gbá ẹni tó dì ọ́ mú lẹ́ẹ̀mejì, kíá ni yóò tú ọ sílẹ̀. Mo ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé Damaris ṣánlẹ̀, eyín rẹ̀ kan fò yọ. Mo gùn ún, mo da ẹ̀ṣẹ́ bò ó títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ojú rẹ̀. Wọ́n ní kó túúbá, ó kọ̀. Ó já dìde, ó forí kàn mí nímú, eegun ibẹ̀ dún pàù. Mo fi ìbínú kọ lù ú, ló bá há ọrùn mi mọ́ abíyá.

Mo gbá a lẹ́yìn, pẹ́pẹ́. Ó tún fún ọrùn mi sí i. Mo tún gbá a. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, Damaris sì ń fún mi lọ́rùn bí ẹni ń fún aṣọ. Mo fẹ́ pe túúbá, ohùn ò jáde. Òkùnkùn bò mí.

Nígbà tí mo lajú, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ń sunkún.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ ń gbá mi lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo rò pé ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín ni."

Òun ni wọ́n mú. Ó dùn mí wọnú eegun, ohùn mi ò sì là mọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrìn àjò rẹ̀ ku ọ̀la, mo lọ bá a ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mo há ọrùn rẹ̀ mọ́ abíyá. Ó ní òun túúbá. Mo fún un lọ́rùn sí i. Ó tún túúbá, mo tún fún un lọ́rùn. Ìgbà tó gbá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì ni mo tó tú u sílẹ̀.

"Má gbàgbé," ni mo wí fún un. "Wọn ò gbọ́ túúbá níbẹ̀."