Ìjọba Ń Bọ̀ Wá Wo Adìẹ

Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ Àwẹ̀ró. Láti kékeré lobìnrin yìí ti rí òkun, títí di òní, omi inú kòtò ń bà á lẹ́rù.

Òun ló ń tọ́jú adìẹ Sherifa, ọmọ rẹ̀, ní Amasaman lẹ́yìn Accra. Sherifa fúnra rẹ̀ ń ta ìpara ní ọjà Okaishie ní Accra, gbogbo owó ọjà rẹ̀ ló sì ti wọ inú oko náà. Ìjọba ń ran àwọn tó ń sin adìẹ lọ́wọ́: wọ́n ti san ìdajì ìrànwọ́, ìdajì yòókù di ìgbà tí òṣìṣẹ́ wọn bá fojú ara rẹ̀ rí adìẹ. Láìsí ìdajì yẹn, oko parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù oko dún. Ọkùnrin kan fi Twi sọ̀rọ̀, ó ń kánjú.

"Maame, láti ọ́fíìsì ìjọba ni. A ń bọ̀ lọ́la. Kí gbogbo ẹni tó ń gbé inú oko mú káàdì ìdánimọ̀ Ghana wọn dání."

Ó ti gé e kí Àwẹ̀ró tó lanu. Kò ní káàdì kankan. Ó pe Sherifa, kò wọlé. Ó tún un pè títí, kò wọlé.

Bí ti ọdún 1969 ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: ẹ mú ìwé yín wá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré nìjọba fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé láti fi Ghana sílẹ̀. Bàbá Àwẹ̀ró ń ta aṣọ ní ọjà Makola ní Accra nígbà náà. Ó ní ariwo lásán ni, kò ta ẹyọ kan. Ìgbà tí wọ́n dà wọ́n sínú lọ́rí, aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé kọ́kọ́rọ́ náà kú sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Àwẹ̀ró padà sí Accra, ibẹ̀ ló sì bí Sherifa sí.

"Èmi ò ní ṣe bíi bàbá mi," ni Àwẹ̀ró wí sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adìẹ nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Ó ránṣẹ́ sáwọn alágbàtà. Alágbàtà kì í pẹ́ mọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Iye tí wọ́n dá, ojú ní í ti èèyàn láti sọ ọ́, ó sì gbà á. Bí ọkọ̀ bá ti dún lójú títì, á sá sẹ́yìn àpò oúnjẹ adìẹ títí ọkọ̀ náà á fi kọjá. Kílẹ̀ tó ṣú, ilé adìẹ ti ṣófo. Ó di ẹrù tirẹ̀, ó di ti Sherifa mọ́ ọn. Kò sùn.

Lọ́jọ́ kejì, Sherifa, tó sun Accra mọ́jú, àti òṣìṣẹ́ ìjọba náà, Kwabena, jọ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú nígbà tí wọ́n débi ilé adìẹ. Ìyẹ́ ló kù nílẹ̀.

"Ìyá, adìẹ dà?"

"Mo ti tà wọ́n. Wọ́n ní ká mú ìwé wá. Mo ti di ẹrù ẹ náà, jẹ́ ká máa lọ kí wọ́n tó lé wa."

Kwabena di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní káàdì yẹn ò ju kí àwọn lè mọ ẹni tí àwọn ń sanwó fún, kò sẹ́ni tó fẹ́ lé ẹnikẹ́ni. Àánú ìyá náà ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin: kò sí adìẹ, kò sí owó, Sherifa á sì dá ìdajì àkọ́kọ́ padà fún ìjọba. Ó ya fọ́tò ilé adìẹ tó ṣófo, ó bá tirẹ̀ lọ.

Sherifa jókòó sórí ẹrù tí ìyá rẹ̀ dì fún un, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá, adɛn? Kí ló dé? Èmi tí wọ́n bí sí Accra, ta ló máa lé mi?"

"Accra ni wọ́n bí èmi náà sí," ni Àwẹ̀ró wí. Kò wo ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ náà gbà lọ ló ń ṣọ́.