Gbólóhùn Kan Nínú Ìtàn Ọkọ̀ Honiton

“Pa gbólóhùn yẹn rẹ́,” ni Bàbá Yeo wí.

Avril Trood gbójú sókè kúrò lórí ìwé tó ń kà. “Èwo nínú wọn, Bàbá?”

“Èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán yẹn. Ti Rundle.”

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n wà ní Devonport, lẹ́bàá fèrèsé, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Clifford Yeo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Nínú gbogbo ọkùnrin bí ẹgbẹ̀rin tó bá ọkọ̀ ogun Honiton ja ogun Hitler, òun nìkan ló kù láyé. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ogun ti wá ku èèyàn méjì: Bàbá Yeo tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, àti Avril tí í ṣe akọ̀wé. Ìyẹn kúrò ní ẹgbẹ́, ó ti di àbẹ̀wò. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé àsíá ẹgbẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, kó máa gbó lọ níbẹ̀, kí oníkálukú sì máa lọ sílé rẹ̀. Ìtàn ọkọ̀ náà tí wọ́n máa pín fún àwọn èèyàn lọ́jọ́ yẹn ni Avril gbé wá kà fún bàbá. Ọ̀la, Ọjọ́ Ẹtì, kó tó di ọ̀sán, ni atẹ̀wé ń retí rẹ̀.

Ìtàn náà kò gùn. Ó sọ bí wọ́n ṣe ti Honiton sínú omi ní 1937. Bó ṣe kó ọmọ ogun lọ sí Norway tó sì tún lọ kó ìwọ̀nba tó kù bọ̀. Bí bọ́ǹbù ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ rì í ní Malta. Bó ṣe sin àwọn ọkọ̀ ẹrù lọ sí Rọ́ṣíà lójú òkun tí omi rẹ̀ ń di yìnyín mọ́ irin lára. Bó ṣe yìnbọn sí etíkun Faransé lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àti bí wọ́n ṣe tú u palẹ̀ ní 1952 tí wọ́n tà á ní àlòkù irin. Jory Pascoe, bàbá Avril, ló kọ ọ́. Ó ti lé lógún ọdún tí Jory ti kú, Avril ló sì ń tún un tẹ̀ lọ́dọọdún. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀ rí. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, ó sì nífẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ bí ẹni pé àná ló sin ín.

Gbólóhùn tí Bàbá Yeo ń bá jà nìyí: “Ní February 1943, nígbà tí tọ́pídò, ọta tó ń gba abẹ́ omi, bà wá, Hedley Rundle kò sí níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí iná ni a ti bá òkú rẹ̀, níbi tó lọ yáná sí láìní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún sì kú sínú yàrá ọta.”

“Mi ò lè pa á rẹ́, Bàbá,” ni Avril wí. “Ohun tó wà nínú ìwé àwọn ọ̀gá ọkọ̀ nìyẹn. Bàbá mi fúnra wọn ló kọ ọ́.”

“Mo mọ ẹni tó kọ ọ́.”

“Àbí àbúrò Rundle ló ti kọ̀wé sí ẹ̀yin náà? Torí obìnrin yẹn kì í jẹ́ kí n sinmi.”

Bàbá Yeo yíjú sí i. “Àbúrò wo?”

“Loveday. Ó wà ní Gunnislake. Ọdọọdún ló ń kọ̀wé pé ká yọ ọ́, pé ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe ọ̀lẹ.”

“Ó ṣì wà láyé?”

“Ó ti pé àádọ́rùn-ún.”

“Kí lo máa ń dá a lóhùn?”

“Mo máa ń sọ fún un pé ẹ má bínú, mà, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn.”

Bàbá di apá àga mú ṣinṣin. Avril bẹ̀rẹ̀ sí í wò yíká bóyá kó pe nọ́ọ̀sì. “Mo rò pé wọ́n ti kú tán,” ni bàbá wí. “Mo rò pé tó o bá ti pa á rẹ́, ó parí. Lọ ti ilẹ̀kùn yẹn, Avril.”

Ó lọ tì í.

“Ìtàn kòkó tí bàbá yín máa ń sọ. Sọ ọ́ kí n gbọ́.”

Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílé Pascoe? Jory wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìdí iná, nísàlẹ̀ ọkọ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dáná sí àwọn ìkòkò omi ńlá tí ooru wọn ń mú ọkọ̀ rìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó gòkè lọ gbé kòkó gbígbóná wá. Kó tó padà dé, tọ́pídò ti bà wọ́n, gbogbo wọn ti kú. “Kòkó ló gbà mí là,” ni Jory máa ń wí tó bá di Kérésì, àwọn ọmọ á sì bá a wí i.

“Kò sí kòkó kankan,” ni Bàbá Yeo wí. “Ọjọ́ yẹn ni bàbá ẹ pé ọmọ ogún ọdún. Ogún ọdún sì ni ìjọba máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn ní ọtí rọ́ọ̀mù tiẹ̀ lójoojúmọ́. O sì mọ bá a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí, gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun lórí tábìlì ló máa jẹ́ kó fẹnu kan ọtí tàwọn. Tábìlì tiwa, èèyàn mẹ́rìndínlógún ni wá. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, Jory ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́. Aago mẹ́rin ló sì yẹ kó wọṣẹ́.”

“Bàbá mi kì í mutí,” ni Avril wí.

“Láti ọjọ́ yẹn ni kì í ti í mu ún. Tí wọ́n bá bá a bẹ́ẹ̀ ní ìdí iná, àtìmọ́lé ni. Hedley wá wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jọ́ ìbí sùn, màá bá a ṣe é.’ Ó wọ bàtà, ó lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ̀gá kankan. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọn ò tíì máa fún mi lọ́tí, èmi ni wọ́n ní kí n jókòó tì í kí èébì má baà pa á. Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni nǹkan yẹn bà wá.”

“Ilẹ̀kùn yàrá ọta ńkọ́?”

“Ìta nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i, iṣẹ́ Hedley sì ni tó bá wà lókè. Tó bá ti lọ dípò Jory, Jory ló kàn láti dúró níbẹ̀. Jory ń hanrun.”

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n ń ka àwọn tó kù, orúkọ Jory wà lára àwọn tó yẹ kó wà ní ìdí iná, ọ̀gá kan sì bi í pé báwo lo ṣe yè. Kòkó ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Bó sì ṣe sọ ọ́ báyìí, Hedley Rundle kò ní ìdí kankan tó fi yẹ kó kú síbi tó kú sí. Àwọn ọ̀gá bá wá ìdí kan fún un: òtútù ló mú un, ó lọ yáná.

“Jory wò mí lójú,” ni Bàbá Yeo wí. “Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ibùsùn, bí wọ́n ṣe ń sùn lórí omi. Mo dákẹ́. Mo sì ti ń dákẹ́ bọ̀.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ogún ọdún kẹ̀? Ti Jory lọ fún ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó tún jẹ alága ẹgbẹ́ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí Avril délé, ó pe Roy, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Exeter, ó ro gbogbo ẹ̀ fún un.

“Bàbá Yeo ti darúgbó,” ni Roy wí. “Iyè ti ń ra wọn.”

“Orí wọn pé ju tèmi àti tìẹ lọ.”

“Ó dáa. Pa gbólóhùn yẹn rẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Ọ̀rọ̀ parí. Ta ló máa béèrè?”

“Àbúrò rẹ̀.”

“Ohun tí ìyẹn ń tọrọ náà nìyẹn. O fún un ní ohun tó tọrọ, kí ló tún kù? Avril, ọmọ mi ló máa fi àwọn àmì ẹ̀yẹ bàbá wa sáyà lọ́jọ́ Àìkú. Iwájú ni gbogbo wa máa jókòó sí. Ṣé ibẹ̀ lo ti fẹ́ hú bàbá wa jáde kúrò nínú sàréè?”

Avril gbé fóònù sílẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó lè pa á rẹ́, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀. Ó gbé fáìlì àwọn lẹ́tà Loveday sórí tábìlì. Mọ́kànlélógún ni wọ́n, ẹ̀dà èsì tòun náà sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò kà wọ́n dáadáa rí, kí n má purọ́ fún yín; ó kàn máa ń wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni. Nínú ọ̀kan, Loveday kọ ọ́ pé: “Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ìyá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn ń lọ. Nígbà tí ìròyìn náà dé, ó dìde kúrò lórí àga tí màmá wa jókòó sí, ó lọ síwájú. Màmá kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí wọ́n fi gbé òkú wọn wọ̀ ọ́.” Èsì Avril wà lẹ́yìn rẹ̀: “A dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Ìtàn kì í yí padà.”

Ojú tì í débi pé ó fọwọ́ bo ìwé náà mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú ilé tó lè kà á. Ó sunkún fún bàbá rẹ̀, ó sunkún fún ìyá yẹn, kò sì mọ èwo ló ń dùn ún jù. Lẹ́yìn náà ló ṣí kọ̀ǹpútà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ó wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba etí odò lọ sí Gunnislake. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún un rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó nàró ṣánṣán, ó sì wé ìborùn mọ́ ọrùn.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni Avril Trood.”

“Akọ̀wé,” ni Loveday wí. “Ìtàn kì í yí padà.”

“Ó yí padà, mà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.”

Loveday wò ó láti òkè délẹ̀ kó tó yà fún un. Ilé ìdáná ni wọ́n jókòó sí. Kò fi tíì lọ̀ ọ́. Avril sọ gbogbo ohun tí Bàbá Yeo sọ, kò fi ohunkóhun pamọ́, títí kan pé Jory ni bàbá òun, ó sì yọ fóònù rẹ̀. “Mi ò tíì fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.” Ó kà á: “‘Ní February 1943, Hedley Rundle lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jory Pascoe, ẹni tí ọtí ọjọ́ ìbí ń pa, ó sì kú ní ìdí iná nídìí iṣẹ́ náà. Pascoe, ẹni tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn yàrá ọta dípò rẹ̀, kò sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.’”

“Pascoe,” ni Loveday wí. “Pascoe wá síbí.”

“Ẹ ní kí ni, mà?”

“Lẹ́yìn ogun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó di fìlà rẹ̀ mú, kò lè sọ̀rọ̀. Màmá mú un wọlé, wọ́n gbé páì ẹran tó yẹ ká fi jẹun alẹ́ fún un. Ó ń jẹun, ó ń sunkún. Màmá fi aṣọ ìdáná wọn nu ojú fún un. Wọ́n ní Pascoe nìkan ló rántí àwọn nínú gbogbo ọkọ̀ yẹn, pé ọmọ gidi ni. Wọ́n bi í léèrè pé, ‘Ṣé lóòótọ́ ni pé Hedley lọ yáná?’”

Avril kò fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n ó béèrè. “Kí ni bàbá mi wí?”

“Ó ní òun ò mọ̀.”

Avril ń wo tábìlì náà. Kò jẹ́ béèrè bóyá orí rẹ̀ ni bàbá òun ti jẹun.

“Ẹ forí jì wá, mà,” ló wí. “Ẹ forí jì mí.”

“Màmá ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀, wọn ò sì sí níbí.” Loveday tún ìborùn rẹ̀ wé. “Ta ló máa kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Mo rò pé ẹ̀yin, tó bá wù yín. Ọkọ̀ máa wá gbé yín.”

“Èmi kọ́. Èmi ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Ìwọ ni wàá kà á. Kó o tó kà á, kó o sọ ọmọ ẹni tó o jẹ́ fún wọn.”

Avril ro ti Roy, ó ro ti ọmọ rẹ̀ tó máa wà níwájú pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ láyà. Ó gbé fóònù, ó fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé.

“Màá sọ ọ́, mà.”

“Sọ ọ́ kí n gbọ́. Dìde, bó o ṣe máa dúró lọ́hùn-ún.”

Avril dìde láàárín ilé ìdáná náà. “Orúkọ mi ni Avril,” ló wí. “Jory Pascoe ni bàbá mi.” Ó wá kan gbólóhùn ti Hedley.

Loveday kò ràn án lọ́wọ́. Ó jókòó, ó káwọ́ lé itan, ó sì dúró dè é.