Wọn Ò Jẹ́ Kí Bíríkìlà Lọ Sílé

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé bíríkìlà àti dẹ́rẹ́bà kan dé wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Egungun itan àwọn méjèèjì ló dá. Bíríkìlà já bọ́ láti orí àkàbà, mọ́tò dẹ́rẹ́bà ní tirẹ̀ kó sí kòtò. Dẹ́rẹ́bà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ilé tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ náà ló jù yín nù yẹn o!"

Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà ti lọ sílé. Ẹlòmíì gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òun náà tún lọ. Bíríkìlà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù wá ń bà á. Ojú egbò rẹ̀ ti jinná, ó sì ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ló wá kù? Bó bá bi ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ léèrè ìgbà tí àwọn máa lọ sílé, ìyẹn á máa tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò wọ́.

"Ẹ jẹ́ kí ara yín le dáadáa ná, Bàámi." Kò ní wojú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí ọmọ náà àti dókítà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ ń nu omijé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ta sí bàbá létí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń fi pamọ́ fún aláìsàn bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ikú? Ó fọwọ́ kan ikùn, ó fọwọ́ kan ọrùn, ó ń wá àìsàn tí wọ́n rí lára òun. "N ò ní kú síbí," ló ń kùn sínú. Bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ ẹ̀yìn sí i, ó mú ọ̀pá, ó yọ jáde.

Ó rin kọ́rídọ̀ já. Orí àtẹ̀gùn ni ẹsẹ̀ ti kọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú gírígírí; kò lè lọ sísàlẹ̀, kò lè padà sókè. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀.

Ariwo yẹn ló gbé ọmọ rẹ̀ sáré dé. "Yéè! Bàámi!" Ó dì í mú láti ẹ̀yìn.

"Kí ni wọ́n rí lára mi?" Bàbá figbe ta. "Sọ fún mi! Ṣé mo ti ń kú ni?"

"Wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà ti ní kí ẹ máa lọ sílé. Èmi ni mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ pẹ́ díẹ̀ sí i níbí."

"Ìwọ?"

"Màámi náà, wọ́n ní ara wọn ti yá. Mo gbé wọn délé, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dákẹ́. N ò mọ ohun tí mo lè ṣe." Ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀rù ń bà mí, Bàámi."

Orí àtẹ̀gùn ni dókítà bá wọn. Kò jágbe mọ́ wọn. Ó ní bí àgbàlagbà bá pẹ́ jù lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, àìsàn ẹlòmíì sì lè ràn án. "Ẹ máa gbé wọn lọ sílé. Nọ́ọ̀sì á máa wá wò wọ́n."

Ni wọ́n bá lọ sílé. Ọmọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí yàrá bàbá. Bí bàbá bá ti sùn lọ́sàn-án, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ọmọ ń wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò. Ọkàn bàbá náà ò balẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ta á pẹ́nrẹ́n, á ní ẹ̀jẹ̀ ti dì. Lọ́jọ́ kan ó lajú, ojú òun àti ọmọ sì ṣe mẹ́rin.

"Ṣé ẹ̀ ń mí, Bàámi?"

"Mò ń mí. Ìwọ ńkọ́?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Kó tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó tún wo àyà bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i.