Aago Mọ́kànlá Tí Bàbá Ìbẹ̀fun Kò Rí

Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Àlàájì Yẹ̀kínì, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Ìbẹ̀fun, fi máa dé Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ti kírun sí Mùínátù àbúrò rẹ̀ lára, wọ́n ti sin ín, àwọn èèyàn sì ti jókòó de wáàsí. Bàbá ní kí wọ́n mú òun lọ fojú kan àbúrò òun. Wọ́n ní wọ́n ti sin ín láti aago mọ́kànlá.

"Aago mẹ́rin lẹ kọ," ló ń sọ ṣáá. "Mo kà á lórí fóònù mi."

Abdulrauf, àkọ́bí rẹ̀, mi orí. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ mú bàbá kúrò nínú ilé tí òun àti àwọn adìyẹ rẹ̀ nìkan ń gbé ní Ìbẹ̀fun lọ sí Àbújá, tí bàbá sì ń sọ pé kò sóhun tó ṣe ọpọlọ òun. Ẹ gbọ́ ná, ta ló máa gbà á gbọ́ lónìí?

"Mọ́kànlá ni ti ìsìnkú, bàbá. Mẹ́rin ni ti wáàsí. Ẹ ò lè dá gbé mọ́."

Ikhlas, ọmọ-ọmọ olóògbé, ló ṣe ojú ewé tí ẹbí fi kéde ìsìnkú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó gba fóònù bàbá bí ẹni fẹ́ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó wọ yàrá lọ, ó ṣí ojú ewé náà. Fọ́tò Mùínátù wà níbẹ̀, aago mẹ́rin wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí mọ́kànlá níbì kankan.

Ó mọ ohun tó fà á lójú ẹsẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sí ojú ewé náà pé kí aago mọ́kànlá wà ní àádọ́ta pásẹ́ǹtì láti òkè, kó lè bọ́ sí àárín fọ́tò, ṣùgbọ́n kò sọ bí àyè fọ́tò náà ṣe ga tó. Bíráúsà tí fóònù tirẹ̀ fi ń ṣí ojú ewé wọn gíga náà fúnra rẹ̀. Ti fóònù bàbá, tó ti gbó, kò rí gíga kankan tó máa pín, ló bá ti aago náà sókè pátápátá, sẹ́yìn ọ̀já dúdú tí orúkọ ẹbí wà lára rẹ̀. Ọmọ yìí mọ̀ pé bíráúsà kì í sábà fẹnu kò. Fóònù tirẹ̀ nìkan ló fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣebí kó gbé fóònù náà jáde bó ṣe wà ni. Rárá o. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọ gíga tó gbàgbé sí i, aago mọ́kànlá sì sọ̀ kalẹ̀ sáàárín fọ́tò lórí fóònù bàbá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àtúnṣe lòun ṣe. Irọ́ ni, ìbẹ̀rù ni.

Bó ṣe jáde ni Abdulrauf gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ fojú yín rí i."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó wo fóònù náà pẹ́. "Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó gbójú sókè. "Ikhlas, ọmọ mi, ìwọ lo ṣe é. Ṣé ibẹ̀ ló wà láti àárọ̀?"

Gbogbo ilé yíjú sí i. Ó fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run rí i pé ó fẹ́ sọ ọ́.

"Ibẹ̀ ló wà, bàbá."

Bàbá rọra na ọwọ́ sí Abdulrauf pé kó fa òun dìde. "Rauf, wá ẹni tó máa gba àwọn adìyẹ mi. Mo ti ṣe tán láti bá ọ lọ sí Àbújá."